Ẹ Má Jẹ́ Kí Koríko Bo Ọ̀nà

Ibi kíkà: Jeremáyà 6:16, Gẹ́nẹ́sísì 33:12-14, Hébérù 12:12-13

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní àkókò yìí kò jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. A kò sọ ti ọ̀nà ọ̀dà tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Àkúrẹ́ o. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni à ń wí, ọ̀nà tóóró tí ó gba ẹ̀yìn ilé wa ní Atosin wọ inú oko kòkó lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní àdúgbò Ìdànrè mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti fi ilé ìkẹyìn sílẹ̀ ni ewé kòkó yóò ti bo orí ẹni bí àtíbàbà. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ewé gbígbẹ ni a ó máa tẹ̀ lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù lẹ́sẹ̀. A ó kọjá ní ìdí igi obì, a ó fi ẹsẹ̀ la odò kékeré kọjá, a ó máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Níbi tí igbó bá ti ṣí díẹ̀, a ó rí àpáta Ìdànrè tí ó dúró gbọn-in bí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá a. Àwọn ìyá wa rin ọ̀nà yìí pẹ̀lú agbọ̀n lórí àti ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ń kọrin bọ̀. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ orin ìjọ kí a tó mọ ìwé kà.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún ara wa. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí a kò ní dárúkọ. Opó ni. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ó ti ń gbé ní abà, nítorí pé ibẹ̀ ni oko kòkó tí ó fi ń jẹun wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, kì í pẹ́ dé ìpàdé. Òun ni ó máa ń gbá ilé ìjọsìn kí àwa tí a wà nílé tó jí. Nígbà tí ó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó pa ìpàdé kan jẹ, ó pa èkejì jẹ. Akọ̀wé a máa pe orúkọ rẹ̀, àwa a sì máa dáhùn pé, "Ó wà ní oko." Akọ̀wé a sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

A ń gbàdúrà fún un o. Ní gbogbo ìpàdé ni a ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn àti àwọn tí kò lè wá, "Àmín" wa a sì máa dún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó wọ bàtà lọ wò ó. Ọ̀kadà kì í dé ibẹ̀, ọ̀kadà sì ti mú kí a gbàgbé pé Ọlọ́run fún wa ní ẹsẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwa márùn-ún dìde láti mú ìwé ìkésíni lọ fún un. A rò pé a mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé koríko ti bò ó. Ibi tí ọ̀nà ti yà sí méjì, a kò dá a mọ̀ mọ́. A yà sí ibi tí kò yẹ, a rìn títí a fi bá ara wa nínú oko olóko. Bàbá kan tí ń dá ẹmu ni ó gbọ́ ohùn wa, tí ó ṣáájú wa pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ títí a fi dé etí odò.

Nígbà tí a sọdá odò náà, ẹnu yà wá. Ní òdìkejì, ọ̀nà mọ́ tónítóní. A ti ṣán koríko rẹ̀, a ti gbá ewé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. A tẹ̀lé e, a sì bá ìyá wa níwájú ahéré rẹ̀ lórí àpótí. "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó wí. Lẹ́yìn tí a ti kúnlẹ̀ kí i tán, a béèrè ẹni tí ó ń bá a ṣán ọ̀nà. Ó ní, "Èmi náà ni. Bí orúnkún bá fún mi láyè, mo máa ń jókòó ṣán an díẹ̀díẹ̀. Etí odò ni agbára mi mọ. Mo ní bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ má baà ṣìnà." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè gbàgbé: "Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń gbọ́ agogo yín."

Ẹ̀yin arábìnrin, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Ó ń gbọ́ agogo wa, àwa ni a kò gbọ́ tirẹ̀. Etí odò ni agbára opó tí orúnkún ń dùn mọ. Ibo ni agbára àwa tí ara wa le mọ? Láti ilé ìjọsìn dé etí odò ni ìpín tiwa, ibẹ̀ gan-an ni koríko sì wà.

Nígbà tí a délé, a ṣí ìwé wòlíì Jeremáyà, orí kẹfà, ẹsẹ kẹrìndínlógún. Níbẹ̀ Olúwa rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí pé ọ̀nà kan wà tí ó ti wà láti ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tí ó dára. Ó ní kí wọ́n béèrè rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ̀ ọ́, ọkàn wọn yóò sì rí ìsinmi níbẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn kò ní tọ̀ ọ́. Nígbà tí a bá ka ibẹ̀, a máa ń rò pé ọlọ̀tẹ̀ ènìyàn ni wọ́n. Àwa kò fi ẹnu dá Ọlọ́run lóhùn bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa ti dá a lóhùn. Kò sí ọjọ́ kan tí a jókòó ní ìpàdé tí a pinnu pé kí ọ̀nà abà dí. Ọ̀nà kì í dí nítorí pé ẹnìkan gbin igbó sí i. Ó ń dí nítorí pé ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìfẹ́ ará rí. Kì í ṣe ìjà ni ó máa ń pa á ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn, àìdé ọ̀dọ̀ ara ẹni ni.

Ẹ̀dá kékeré kan wà lórí àpáta wa tí ó lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan ni, tí a kò rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àyàfi lórí òkè Ìdànrè. Ní ọdún 1963 ni onímọ̀ kan kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, tí ó sì fún un ní orúkọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí gun àpáta, wọ́n wá a níbi tí omi ti ń sun lórí òkúta, wọ́n sì rí i. Ibẹ̀ náà ni ó ti wà láti ọjọ́ yìí. Kò lọ sí ibì kankan. Ènìyàn ni kò lọ wò ó. Ìgbà mélòó ni a ti sọ nípa arábìnrin kan pé, "A kò rí i mọ́," bí ẹni pé òun ni ó sọnù?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìbẹ̀wò jẹ́ ohun tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ mìíràn kò bá sí. Ara ohun tí ó sọ wá di Mẹ́tọ́díìsì ni. Ní ọdún 1742, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ John Wesley ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pinnu pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n pín ara wọn sí méjìlá-méjìlá, kí ẹnìkan lè máa lọ bá àwọn mọ́kànlá yòókù láti gba owó náà, kí ó sì san án fún ẹni tí kò bá ní. Owó ni wọ́n torí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n rí. Wọ́n rí bí olúkúlùkù ti ń gbé ilé rẹ̀, wọ́n rí ẹni tí ó ti ń fà sẹ́yìn. Wesley rí i pé èyí ṣe iyebíye ju owó lọ. Inú ìrìn ilé-dé-ilé yẹn ni kíláàsì tí à ń ṣe títí di òní ti jáde. Nítorí náà, olórí kíláàsì tí ó mọ orúkọ nínú ìwé, tí kò mọ ọ̀nà ilé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, ojú ọ̀nà ni ìhìn rere gbà wọlé. Àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú, tí a sì dá sílẹ̀ ní Sàró, ni wọ́n kọ́kọ́ mú un padà wá sílé. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, kọ ìwé láti Àgbádárìgì ní ọdún 1841, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán oníwàásù sí àwọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, òun pẹ̀lú William de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Freeman ti gba ọ̀nà inú igbó dé Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, nítorí pé àwọn onígbàgbọ́ kan ti délé ṣáájú, tí wọn kò ní ẹni tí yóò máa bójú tó wọn. Bí Freeman bá jókòó sí etí òkun, tí ó ní òun ń gbàdúrà fún àwọn ará Abẹ́òkúta, ǹjẹ́ a ó máa dárúkọ rẹ̀ lónìí?

Ó wá ku bí a ó ṣe rìn. Ẹ wo Jákọ́bù nínú Gẹ́nẹ́sísì orí kẹtàlélọ́gbọ̀n. Òun àti Ésáù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà ni. Ésáù ní kí àwọn jọ máa lọ. Jákọ́bù ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ níwájú, nítorí pé àwọn ọmọdé wà lọ́dọ̀ òun, àwọn ẹran tí ń fún ọmọ lọ́mú sì wà. Ó mọ̀ pé bí òun bá lé wọn ní ìlékúlèé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò kú. Ó pinnu láti máa rìn jẹ́jẹ́, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ti lè gbé e. Kì í ṣe pé Jákọ́bù kò lè yára. Ọkùnrin tí ó ti sá kúrò nílé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti di bàbá, ẹni tí ó sì di òbí kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ díwọ̀n ìrìn mọ́.

Àwọn tí ó ṣe àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè mọ ọgbọ́n yìí. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600, wọn kò sì ní kí a gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà, kí ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá gùn lè jókòó. Lókè níbẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa gbé, kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè, àti ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, tí àwọn àlejò ń wá wò. Ẹ rò ó wò bí gbogbo ìlú ti sọ̀ láti orí àpáta. Arúgbó wà nínú wọn, aboyún wà, ọmọ ọwọ́ wà. Bí àwọn tí ara wọn le bá sáré sọ̀, tí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ lókè, ta ni ìbá sọ pé ìlú ti sọ̀? Àwọn àgbà wa ní àìrìnpọ̀ ejò ni ìyà fi ń jẹ ejò: bí ọká bá ń lọ níwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n. Ẹgbẹ́ tí àwọn alágbára inú rẹ̀ nìkan ti dé ibi tí à ń lọ kò tíì dé.

Ìwé Hébérù sọ fún wa pé kí a gbé ọwọ́ tí ó rọ àti eékún tí kò lágbára ró, kí a sì tún ọ̀nà ṣe, kí ẹni tí ó yarọ má baà ṣáko lọ, ṣùgbọ́n kí ó rí ìwòsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni kí ó tún ọ̀nà ṣe. Ní ọ̀dọ̀ wa, eékún tí kò lágbára ni ó ń tún un ṣe fún wa, ojú sì tì wá.

Ọ̀rọ̀ títún ọ̀nà ṣe yìí rán wa létí ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ènìyàn níbẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ rìn la igbó àti oko kọjá láti abúlé dé abúlé, fún ìlera ara àti ìsinmi ọkàn. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà sàmì sí ara igi àti òkúta lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ìlà funfun lókè, ìlà pupa nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé òun kò tíì ṣìnà. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà sí méjì, wọ́n a fi ìlà méjèèjì dábùú ara wọn sí èyí tí kò yẹ kí a gbà. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó ń kun àmì wọ̀nyí, wọn kì í sì í mọ ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀ lọ́la.

Àmì wo ni àwa ń fi sí ara igi fún àwọn ọmọbìnrin wa? Wọ́n ń wò wá. Bí ìsìnkú olówó bá wà, ọ̀nà kì í jìn lójú wa. A ó ra aṣọ, a ó wé gèlè, a ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí a kò dé rí. Opó tí ó wà ní abà ni ọ̀nà rẹ̀ máa ń jìn. Ohun tí ọmọ rí ni ọmọ yóò tọ̀. Bí ó bá rí i tí ìyá rẹ̀ gbé iyọ̀ àti ọṣẹ sínú àpò, tí ó wọ bàtà tí ó lè gba ẹrẹ̀, tí ó sì gba ọ̀nà oko lọ kí arúgbó, àmì funfun àti pupa ni ó rí yẹn.

Nítorí náà a ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun mẹ́rin, a sì ń kọ wọ́n síhìn-ín kí àwọn ẹ̀ka yòókù lè yẹ̀ wọ́n wò.

Èkíní, akọ̀wé wa kò ní kọ "Ó wà ní oko" mọ́, àfi kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó rí i níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ó rí i.

Èkejì, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù jẹ́ ọjọ́ ìrìn. A kò ní lọ ní ẹnìkan tàbí ẹni méjì. Ayé ìsinsìnyí kò rí bí ti àtijọ́, ìṣọ́ra kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. A ó pọ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀nà yóò wà láàrin wa, àwọn ará ilé yóò mọ ibi tí a lọ, a ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ nínú wa ni yóò máa lọ níwájú, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn wa nìkan ni yóò máa rí.

Ẹ̀kẹrin, a ó mú àdá dání, olúkúlùkù yóò sì ṣán díẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a lọ kí, a kò ní fi owó ẹgbẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. A ó jókòó, a ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó gbàdúrà. Àdúrà tí a gbà lẹ́yìn tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn kì í rí bí èyí tí a gbà láti òkèèrè.

Ìyá wa wá sí ìkórè. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, a ti ṣán ọ̀nà débi pé ọ̀kadà lè dé etí odò, ọmọ ìjọ kan sì lọ gbé e wá. Ọ̀kadà tí a ti fi ṣe àwáwí tẹ́lẹ̀ wá di ohun èlò. Ó jókòó ní ìjókòó iwájú, ó sì jó débi tí orúnkún gbà á láyè. Kì í ṣe gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni ó lè wá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá wá, a mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé a ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni ó ń gbọ́ agogo ìjọ tiyín tí kò rí ẹsẹ̀ yín? Ó lè máà jẹ́ abà ni ó wà. Ó lè jẹ́ ilé kejì sí tiyín, níbi tí ọ̀rọ̀ kan tí a sọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti di koríko sí ojú ọ̀nà. Ẹ mú àdá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiyín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a pé ẹni náà ti ṣán tirẹ̀ títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí ó sì ń retí yín.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa wa, ìwọ tí ó fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Gálílì àti Jùdíà kiri nítorí tiwa, dárí jì wá fún gbogbo ọ̀nà tí a ti jẹ́ kí ó dí. Rántí àwọn ìyá wa tí ó wà ní abà, àwọn opó, àwọn tí ara wọn kò le mọ́, tí wọ́n ń gbọ́ agogo láti òkèèrè. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀lẹ, fún wa ní sùúrù láti rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú aláìlágbára, kí o sì ṣọ́ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnìkan nínú wa dá rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ ní òkè. Nípasẹ̀ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.